Akàn àti Àfòmọ́ Abẹ́ Ikùn Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn kó ta! Ṣé oúnjẹ alẹ́ ò tíì wọ̀ yín nínú ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi rá pálá, ó rá pàlà, ó di etí ọ̀sà, ó bá Akàn lẹ́nu ihò.

Ní ìgbà kan rí, kò sí ẹni tó gbéraga tó Akàn létí ọ̀sà. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fi rìn. Ó ní ọ̀nà ló kéré fún òun.

Ni Àfòmọ́ bá dé. Kòkòrò bíńtín ni, kò lẹ́nu, kò lẹ́sẹ̀. Inú ara ẹlòmíràn ló ń gbé.

Ó ní, "Kábíyèsí odò! Irú ara ńlá yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú rẹ̀? Ẹ fún mi ní kọ̀rọ̀ kan, kí n máa kì yín látinú."

Akàn ní, "Wọlé. Àyè pọ̀ nínú mi."

Àfòmọ́ gba oríkèé ẹsẹ̀ Akàn wọlé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ta ni wọ́n kì rí nínú yín tí kò ṣílẹ̀kùn?

Àfòmọ́ ta gbòǹgbò dé ọmọ ìka Akàn. Akàn ń jẹ, òun ló ń sanra. Ó tún da oje ara Akàn rú: abẹ́ ikùn Akàn fẹ̀ bíi ti obìnrin, ìjà ò wù ú mọ́. Ìgbà bíbọ́ ìkarahun dé, ara rẹ̀ ò rántí.

Bí Àfòmọ́ bá jókòó jẹ́ẹ́, ta ni ìbá mọ̀? Ojúkòkòrò! Ó ní inú nìkan kò tó òun. Ó ti àpò ẹyin rẹ̀ yọ sábẹ́ ikùn Akàn. Akàn rò pé tòun ni. Ó ń fẹ́ omi sí i, ó ń yan kiri: "Akọ akàn lóyún! Ta ló ṣe irú ẹ̀ rí?"

Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, wò ó títí. "Olówó orí mi, ẹ kú oríire. Ọmọ ta ni?"

"Tèmi ni!"

"Kò lẹ́sẹ̀, kò lójú, ó jọ yín lóòótọ́! Ẹ gbọ́, gbogbo akàn ló ti bọ́ ìkarahun. Tiyín ti hu ewé. Bí ẹ ò bá tètè bọ́ ọ, inú rẹ̀ lẹ ó kú sí. Àbí agbára yín ò gbé e mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Akàn wọra. "Èmi? Agbára mi?"

Ó wọ ihò. Àyọ̀ká jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bí ìyàwó akàn ṣe ń ṣọ́ ọkọ tó ń bọ́ra, torí akàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ra rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Akàn fún ara pọ̀. Àfòmọ́ kígbe: "Ẹ rọra! Àpò mi!"

"Àpò rẹ kẹ̀? Ṣebí ọmọ mi ni!"

Inú bí Akàn, ó tiraka. Pàà! Ìkarahun là, àpò bá a já, omi gbé e jáde. Gbòǹgbò Àfòmọ́ tó kù nínú Akàn rọ, ó kú. Ẹja òbọ̀kún tó ń kọjá lẹ́nu ihò ò tiẹ̀ bèèrè orúkọ. Ó gbé àpò náà mì.

Akàn jáde, ó rù, ó rọ̀, àmọ́ àyà rẹ̀ ṣì ga. "Àyọ̀ká, mo bí ara mi!"

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú. "Ẹ kú ewu ọmọ o, bàbá ìkókó."

Ìdí àlọ́ mi rèé: àlejò tó ń kì ọ́ kó tó jókòó, wo ibi tó fẹ́ jókòó sí. Ìwọ tó o sì ń jẹ lára ẹlòmíràn, inú iyàrá tí wọ́n fún ọ kò tó ọ, o tún ń na ọwọ́ síta: ìta náà ni wọn ó ti gbá ọ mú. Bí mo bá parọ́, kí akàn gé mi jẹ ní ìka ẹsẹ̀.