Ata Tí Wọ́n Kó Jáde Ní Ọjọ́ Kẹjọ

Opó kan wà ní abúlé Ojú-Odò, Ìbíyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Ọdún kejì tí òun àti Ọdẹ́yalé fẹ́ ara wọn ni ọkọ rẹ̀ kú, kò sì fi ọmọ sílẹ̀. Ohun méjì péré ni ó fi sílẹ̀ fún un: ìyá rẹ̀ arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e mọ́, àti oko kékeré kan ní àkùrọ̀.

Ẹni tí kò mọ àkùrọ̀ lè rò pé oko bí oko ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ etí odò tí omi máa ń bò nígbà òjò, tí omi sì ń fà kúrò lórí rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ òkè bá gbẹ tí ó sán, àkùrọ̀ nìkan ni ohun tútù ń hù sí. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnì kan tó dá àkùrọ̀ Ojú-Odò ní. Gbogbo abúlé ló ni ín. Wọ́n pín in fún àwọn tó lè ro ó, wọ́n sì ṣe òfin kan lé e lórí. Lọ́jọ́ tí oṣù àkọ́kọ́ nígbà ọyẹ́ bá lé, Olórí Àkùrọ̀ yóò kó àwọn àgbà lẹ́yìn, wọn yóò rìn yí gbogbo ilẹ̀ náà ká. Oko tí wọn kò bá bá ohun ọ̀gbìn lórí rẹ̀, wọn yóò gbà á fún ẹlòmíràn tó lè gbìn ín. Òfin náà le, ṣùgbọ́n ó nídìí. Ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ lásán ni koríko àti òkété fi ń ṣe ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọ oko aládùúgbò.

Ọdún tí Ìbíyẹmí kọ́kọ́ dá nìkan ro oko náà, ojú tì í. Èèrà kó irúgbìn ata rẹ̀ lọ, oòrùn sì pa ìwọ̀nba tó hù, nítorí kò sí níbẹ̀ láti bomi rin wọ́n. Báwo ni ìbá ṣe wà níbẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ̀ kò lè dìde àyàfi bí ẹnìkan bá gbé e. Bí Ìbíyẹmí bá jáde láàárọ̀, ó di dandan kó padà sílé kí oòrùn tó kan àtàrí. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ìdí ata mẹ́ta ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Baba Olúgbódi ni Olórí Àkùrọ̀ nígbà náà. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ata mẹ́ta náà.

“Ìyàwó Ọdẹ́yalé, ṣé oko nìyí?”

“Ẹ dákun, baba.”

“A ti gbọ́ ẹ dákun. Nítorí pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọ́, a fojú fò ó lọ́dún yìí. Bí mo bá tún padà wá lẹ́ẹ̀mí-ìn tí mo bá ilẹ̀ lásán, ẹlòmíràn ni yóò máa ro ó.”

Ìbíyẹmí rìn wálé pẹ̀lú ọkàn gbígbọgbẹ́. Ata inú oko yẹn ni òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ iṣu àti epo. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ náà, ebi ló kù tí yóò máa bá wọn gbélé.

Nígbà tí òjò ọdún kejì ń lọ sópin, ó jókòó síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kawọ́ lérí.

“Ìyá mi, bí mo bá lọ sóko, ta ni yóò dúró tì yín? Bí mo bá dúró tì yín, ta ni yóò dúró ti ata?”

Obìnrin arúgbó náà wò ó títí. Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo abúlé ń pè é, nítorí ogójì ọdún ni ó fi gbẹ̀bí fún wọn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ iṣẹ́.

“Bí o kò bá lè gbé mi lọ sóko,” ni ó wí, “gbé oko wá bá mi.”

“Oko ṣe é gbé ni, ìyá mi?”

“O ti gbìyànjú ẹ̀ rí?”

Ìbíyẹmí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó dìde. Ó ṣa ìdí ìkòkò fífọ́ méjìlá jọ lẹ́yìn ilé, ó bu ilẹ̀dú sínú wọn, ó po ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ àti eérú díẹ̀ mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ sókè àjà, níbi tí èéfín ààrò kì í jẹ́ kí kòkòrò dé, ó mú irúgbìn ata tó so rọ̀ síbẹ̀, ó sì gbìn ín pọ̀ sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ó kan pẹpẹ kan sábẹ́ fèrèsé yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ó to àwọn ìkòkò náà sórí rẹ̀, ó sì fi eérú yí ẹsẹ̀ pẹpẹ ká kí èèrà má baà gun ibẹ̀. Ó wá di ìyẹ́ adìẹ mélòó kan pọ̀, ó fi lé Ìyá Agbẹ̀bí lọ́wọ́ pẹ̀lú igbá omi kan. Láti ìjókòó rẹ̀ ni obìnrin náà ti ń fi ìyẹ́ wọ́n omi sórí ilẹ̀ inú ìkòkò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ tí kò ti sí ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ láti tọ́jú. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí ata yọrí, Ìbíyẹmí gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá: “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu.”

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó fi dé ìta. Aládùúgbò wọn kan wà, Akínlùyí, ọmọ ilé ọkọ Ìbíyẹmí ni. Ìyàwó kì í sì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, nítorí náà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Ìbíyẹmí ń pè é, torí pé ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́.

“Ìyàwó wa,” ni Akínlùyí ké láti ìta gbangba, “wọ́n ní inú yàrá lo ti ń roko báyìí. Ṣé orí ẹní lo ń kọ ebè sí ni?”

“Orí ẹní ni, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi. Ẹ gbé ọkọ́ yín, kí ẹ wá bá wa kọ díẹ̀.”

“Èmi kọ́! Bí mo bá gbé ọkọ́ sókè níbẹ̀, àjà ni n ó ro.”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Baba Olúgbódi tó ń kọjá lọ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. “Kò sí oko nínú ilé,” ni ó wí. “Òde ni oko wà. Ẹ bá mi sọ fún un, kó má wá sunkún sí mi lẹ́sẹ̀ bí oṣù bá lé.”

Ata náà ń dàgbà. Nígbà tó yọ ewé mẹ́fà mẹ́fà, Ìbíyẹmí kò lè mú un mọ́ra mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti sùn, ó gbé ìkòkò mẹ́rin lọ sí àkùrọ̀, ó sì hú ata inú wọn lọ́ sórí ebè. Nígbà tó padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ti dọ̀bálẹ̀. Ewé wọn funfun bí ohun tí a da omi gbígbóná lé. Ó mú ọ̀kan lọ́wọ́ wálé, ó ń sunkún.

“Ìgbà wo lo kó wọn jáde?” ni Ìyá Agbẹ̀bí bi í.

“Lọ́sàn-án.”

“Ọ̀sán gangan?”

“Ìgbà tí mo ráyè nìyẹn, ìyá mi.”

“Ìbíyẹmí, n kò mọ oko. Bàbá ọkọ rẹ ló mọ oko. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tuntun. Ọmọ tí kò rí oòrùn rí, tí atẹ́gùn kò kàn án rí, lo gbé jáde lọ́sàn-án gangan, tí o sì fi sílẹ̀ sóko? Ta ni ó ṣe é fún ọ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ kẹjọ là ń kó ọmọ jáde. Àárọ̀ kùtù sì ni. A ó da omi sórí òrùlé, a ó jẹ́ kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kán sí ọmọ lára, kó mọ̀ pé òjò ń bẹ láyé. Lẹ́yìn náà a ó gbé e wọlé padà.”

“Ata mà ni, ìyá mi.”

“Ata ọ̀hún, ṣé kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni?”

Ìbíyẹmí nu ojú rẹ̀ nù. Ìkòkò mẹ́jọ ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé wọn sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi run orín, ó sì gbé wọn wọlé. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúró níta títí ìrì fi gbẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sún wọn kúrò lábẹ́ òrùlé kí oòrùn àárọ̀ lè rí wọn. Atẹ́gùn fẹ́ wọn síhìn-ín, ó fẹ́ wọn sọ́hùn-ún, àwọn kan tẹ̀, wọ́n sì tún nàró. Lọ́jọ́ keje, wọ́n dúró nínú oòrùn di ọ̀sán, ewé wọn kò sì rọ. Igi wọn ti le, ó ti pọ́n díẹ̀ nídìí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Agbẹ̀bí ní kí wọ́n gbé òun sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ní kí Ìbíyẹmí da omi sórí òrùlé.

Ṣé o lè da omi sórí òrùlé lábúlé kí ojú má pé sí ọ lára? Akínlùyí ló kọ́kọ́ dé.

“Ẹ kú ìkómọjáde o! Kí lẹ sọ wọ́n?”

“Ẹnuyóòtayín,” ni Ìyá Agbẹ̀bí dá a lóhùn. “Máa lọ, tìrẹ ni yóò kọ́kọ́ ta.”

Kò pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, kí Ìbíyẹmí tó kó wọn lọ sóko, ni òjò àrọ̀kúrò dé. Òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí mọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rọ̀, odò kún, ó sì tún gun orí àkùrọ̀. Gbogbo ará abúlé ti gbin irúgbìn sórí ebè nígbà náà, ti ẹlòmíràn tilẹ̀ ti ń hù. Nígbà tí omi fi máa fà, kò sí irúgbìn, kò sí ebè. Ẹrẹ̀ ló kù. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló sì kù kí oṣù lé. Wọ́n sáré tún ebè kọ, wọ́n tún irúgbìn gbìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ata sọ̀rọ̀ kó yára? Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ dúró títí oòrùn fi rọlẹ̀, ó ru ìkòkò márùn-ún lọ sí àkùrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ́ ata rẹ̀ sórí ẹrẹ̀ tútù náà. Ilẹ̀ rẹ̀ kún. Ìkòkò mẹ́ta ṣẹ́kù sílé.

Oṣù lé. Baba Olúgbódi àti àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn. Oko àkọ́kọ́, ilẹ̀ lásán. Oko kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Lórí oko Akínlùyí, ohun tó hù kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n dé orí oko Baba Olúgbódi fúnra rẹ̀. Òun náà bojú wo ilẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ògúlùtu kan, ó sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé oko Ìbíyẹmí, ó dúró gbagidi. Ata tò lọ lórí ilẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, òmíràn ti ń múra àtitanná.

“Ata ọjọ́ mẹ́wàá kì í rí báyìí,” ni ó wí, ojú rẹ̀ sì le. “Oko ta lo ti hú u? Ṣé àná lo wá rì í mọ́bí láti fi tàn wá? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀tàn, ilẹ̀ yìí lọ mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. “Ilé ni mo ti kó o wá, baba.”

Baba Olúgbódi bẹ̀rẹ̀, ó di ìdí ata kan mú, ó fà á. Ata náà kò tẹ̀ lé e. Ó tún fà á, ilẹ̀ tó yí i ká gbéra sókè pẹ̀lú gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́wẹ́ tó ti dì í mú. Ó fi ọwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ padà. “Mú mi lọ sílé ọ̀hún,” ni ó wí.

Ẹnu ọ̀nà yàrá náà kúrú. Olórí Àkùrọ̀ ní láti tẹ̀ kó tó lè wọlé. Ó bá ìkòkò mẹ́ta lábẹ́ fèrèsé, àti Ìyá Agbẹ̀bí pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Olórí,” ni obìnrin náà wí. “Ọmọ márùn-ún lẹ ti gbà lọ́wọ́ mi nínú ilé yín. Ṣé ẹ fẹ́ gba ìkẹfà ni?”

Baba Olúgbódi jókòó sílẹ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Ìyàwó Ọdẹ́yalé, òfin ni òfin. Nínú gbogbo àkùrọ̀ yìí, oko tìrẹ nìkan ló yege. Tèmi ti lọ, ti gbogbo wa ti lọ. Ẹni tó bá lè gbìn ín ni òfin ní ká gbà á fún, ìwọ nìkan lo sì gbìn. Tìrẹ ni gbogbo rẹ̀.”

Ìbíyẹmí wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ó wo àwọn àgbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú wọn ti rẹ̀wẹ̀sì. Òun náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí lẹ́bàá ìdí ata mẹ́ta.

“Baba, agbára mi ò ká ju oko kan lọ. Ẹ bá mi kó àwọn ata tó ṣẹ́kù yìí. Kí oníkálukú gbin díẹ̀díẹ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tún ìrìn yín rìn lọ́la. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbìn ín o.”

Báyìí ni àwọn ọkùnrin Ojú-Odò ṣe tò sí ẹnu ọ̀nà opó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀, ó wọlé, ó sì gba ata tirẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Agbẹ̀bí bí ẹni gba ọmọ. Akínlùyí ló gbẹ̀yìn. “Ìyàwó wa,” ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹnu ti ta mí.” Ìbíyẹmí fún un ní ìdí ata méje.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo abúlé jáde. Lórí ilẹ̀ dúdú àkùrọ̀, láti oko dé oko, ẹsẹ̀ ata tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọmọge. Baba Olúgbódi dúró lórí òkìtì, ó wò ó títí, ó sì yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

“Ẹnu mi yìí ló sọ pé kò sí oko nínú ilé,” ni ó wí. “Ẹ wá wo ẹ̀ṣọ́ tó wà lára ilẹ̀ wa lónìí. Ẹ bi mí léèrè ibi tó ti wá.”

Láti ọdún náà ni kò ti sí agbo ilé kan ní Ojú-Odò tí kò to ìkòkò fífọ́ sábẹ́ fèrèsé bí òjò bá ti ń lọ. Láti ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pòwe fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí ayé rí ohun dáradára lọ́wọ́ òun, pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.