Ẹsẹ̀ Baba Apẹja

Ọmọbìnrin kan wà ní yunifásítì tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ó wá fi ẹ̀kọ́ kékeré mìíràn kún un, èyí tó dá lórí ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ kí a ṣe sí ara ọmọ ènìyàn. Dókítà ń kọ́ wọn níbẹ̀, agbẹjọ́rò ń kọ́ wọn, onímọ̀ ẹ̀sìn náà sì ń kọ́ wọn.

Nígbà ọyẹ́, àwọn olùkọ́ náà kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan létí ọ̀sà. Baba apẹja kan wà níbẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n fẹ́ gé e, baba kọ̀ jálẹ̀. Dókítà wọn, tó tún ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní bí wọn kò bá tètè gé e, baba yóò kú. Agbẹjọ́rò ní ẹni tó lẹsẹ̀ ló láṣẹ. Onímọ̀ ẹ̀sìn ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Gbogbo rẹ̀ ló jọ òótọ́ létí ọmọbìnrin náà, ọ̀rọ̀ sì dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó yọ́ kúrò láàrin wọn, ó lọ jókòó ti baba. Kùrukùru ń gba ojú fèrèsé wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ibùsùn fi dà bí ọkọ̀ tó léfòó sórí omi. Oorun ń kùn ọmọbìnrin náà. Kò mọ ìgbà tó lanu.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń bẹ̀rù gan-an?"

Ó dúró títí baba fi yíjú sí i. "Ọmọ mi, ibo ni wọ́n máa gbé e sí?"

"Kí ni, baba?"

"Ẹsẹ̀ náà. Mo máa ń lálàá rẹ̀, ó ń dá rìn kiri létí omi, kò mọ̀nà ilé. Ṣé títiro ni n ó máa tiro lọ bá àwọn baba mi ni?"

Ọmọbìnrin náà fi omijé lọ sọ ọ́ fún dókítà. Dókítà tó ti ń bẹ baba látọjọ́ yìí dìde. Ó lọ bá baba, ó ṣèlérí pé wọn yóò fi aṣọ funfun wé ẹsẹ̀ náà, wọn yóò sì gbé e fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lọ sin ín. Baba mi orí pé òun gbà.

Wọ́n gé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ sin ín sẹ́yìn ilé, níbi tí baba alára ní kí wọ́n sin òun sí tọ́jọ́ bá pé. Baba ṣì wà láyé, ó ń hun àwọ̀n. Ó ní òun ti ń sùn wọra.

Ìwọ náà rèé, tí ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ ń jiyàn lórí ìyá yín tó kọ̀ tí kò lo oògùn. Ohun tí ẹ ń sọ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló ti fa àga sún mọ́ ìyá? Lọ bi í léèrè, kí o sì pa ẹnu mọ́ títí yóò fi dáhùn.