Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Omi

Ẹ má tètè dá Láníhùn lẹ́bi. Ọkọ̀ rẹ̀ a máa gbóná jù lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tó fi ra oògùn rédíétọ̀ tuntun, èyí tí kì í hó bí omi, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ da omi lù. Lọ́jọ́ náà gan-an ló gbé kẹ́ẹ̀gì omi ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò.

"Bàbá Dúró, ẹ jẹ́ ká gbé omi dání," ni Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí, bí wọ́n ti ń di tòmátì tó fẹ́ lọ tà sínú ọkọ̀.

"Èmi àti omi ti parí."

Kí wọ́n tó dé Òkèhò, rọ́bà rédíétọ̀ bẹ́, oògùn dà nù. Láníhùn fi okùn di rọ́bà náà. Àwọn ará abúlé pọnmi wá fún un, ó kọ̀ ọ́. Oògùn rẹ̀ ló ń fẹ́, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń tà á. Ó ránṣẹ́, ó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan ń kán tó, tó, tó lábẹ́ ọkọ̀. Láníhùn sáré bẹ̀rẹ̀ wò ó. Tòmátì ló ti ń ṣomi.

Àṣàkẹ́ kò pariwo. Ó gbé garawa, ó kọrí sódò.

"Bàbá Dúró, ta ló ń bómi ṣọ̀tá?"

 Láníhùn ti ń ṣí ìdérí rédíétọ̀ dè é.