Ohun Tí Fadá Ansẹ́lìmù Kò Sọ

Ẹnìkan dáná sun oko kòkó opó kan, ó sì lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Fadá Ansẹ́lìmù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, Adájọ́ Ògúnṣakin ní kí Fadá dárúkọ onítọ̀hún, torí òfin ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí èèyàn bá jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run létí mi, n kò ní í sọ."

Opó náà bú sẹ́kún. "Ṣé bí oko mi ṣe ṣègbé nìyẹn?"

Adájọ́ wo opó náà, ó wo Fadá. "Ẹ̀wọ̀n ni o, Fadá."

"Mo mọ̀. Mo ti di ẹrù mi wá. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Ẹnu àáké rèé, Fadá. Ẹ lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan."

Nígbà tó di Sátidé, Adájọ́ fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Fadá mìíràn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Adájọ́ kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wa mọ́tò rẹ̀ lọ tààrà. Ó kúnlẹ̀ níta irin yàrá tí Fadá Ansẹ́lìmù wà.

"Ẹ súre fún mi, Fadá, nítorí mo ti ṣẹ̀."