Ọkọ̀ Ẹ-Dúró-Ná

“Ká tó tú ẹ́ńjìnnì, ká fọwọ́ mi wáyà wò.” Bí ẹ bá dé Òkè-Àgbọn, kò ní í pẹ́ tí àgbàlagbà kan yóò fi òwe yìí dá yín lóhùn. Kódà, àwọn ìyá arúgbó tí kò mọ ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ̀ ń pa á. Ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní mẹkáníìkì ló dá a sílẹ̀. Rárá o. Awakọ̀ kan tó kẹ́ Ògún ju bí Ògún ṣe fẹ́ lọ ló fà á.

Ògúngbèmí ni orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé kan ló fi ń kó èrò láti Òkè-Àgbọn lọ sí Ìdó-Ọ̀pẹ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àkọ́bí. Ó ń kí i láàárọ̀, ó ń kí i lálẹ́. Ṣọlápé ìyàwó rẹ̀ a máa ní bí bọ́ọ̀sì náà bá mọ iyán gún, òun ìbá ti kó ẹrù òun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún Ògún, bọ́ọ̀sì yìí bẹ̀rẹ̀ àìsàn tí kò lórúkọ. Yóò máa lọ geerege, á dé ibi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, ẹ́ńjìnnì á kàn kú. Ògúngbèmí á sọ̀ kalẹ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wò ó títí, kò ní í rí nǹkan kan. Bó bá tún padà jókòó tó ṣíná, ẹ́ńjìnnì á dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, kò ní í kú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, á kú sáàárín ọjà. Èrò bá sọ ọ́ ní Ẹ-Dúró-Ná, nítorí ẹ̀bẹ̀ tí Ògúngbèmí máa ń bẹ̀ wọ́n nìyẹn bí wọ́n bá ti ń kó ẹrù wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Múfútáù, mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi ìyeyè. Múfútáù pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fọ kabúrétọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá epo. Gbogbo rẹ̀ já sí pàbó. Ohun tó sì ń bí Múfútáù nínú jù ni pé bọ́ọ̀sì náà kò jẹ́ kú níṣojú òun rí.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá ṣì rọrùn bí kì í bá ṣe ti Wúràọlá. Ọmọ Ògúngbèmí yìí ń lọ sílé ọkọ ní Ìdó-Ọ̀pẹ lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ sì ti lérí níwájú mọ̀lẹ́bí pé bọ́ọ̀sì òun ni yóò gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀, ní Òkè-Àgbọn, ìyàwó kì í wẹ̀yìn, ọkọ̀ tó gbé ìyàwó kì í sì í dúró lọ́nà. Bó bá dúró, wọ́n á dá ọmọ padà sílé, wọ́n á mú ọjọ́ mìíràn, ẹnu ayé á sì gba ìyókù. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ògúngbèmí ti ń sọ pé kí wọ́n kúkú háyà ọkọ̀ Akíntáyọ̀, ẹni tí òun àti Ògúngbèmí jọ ń du èrò ní gáréèjì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Múfútáù gbà pé agbára òun ti pin.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó nínú. Àfi ká tú u.”

“Ṣé yóò parí kí Sátidé tó dé?”

“Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín. Ẹ lọ bá Akíntáyọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ògúngbèmí wọ egungun. Ó ní kí Múfútáù jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn bọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tó fi ṣéènì fa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sókè. Wọ́n ṣíná, ó ń dún dáadáa. Ògúngbèmí wá dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ó ń kí i: “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ irin. O kú ìrìn, o kú ẹrù.” Ó ń fọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí ìyá bá ń rẹ ọmọ. Ẹ́ńjìnnì húkọ́. Ó tún gbá a, ẹ́ńjìnnì kú.

“Kí lẹ ṣe sí i?” Múfútáù ti fò dìde.

“Mi ò ṣe nǹkan kan! Mo ń dágbére fún un ni.”

“Ẹ tún dágbére fún un. Ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan náà ni o!”

Wọ́n tún ṣíná. Ògúngbèmí fọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú. Múfútáù tẹrí bọ̀ ọ́, ó rí i pé ibi tí wáyà méjì ti so pọ̀ nínú ike dúdú kékeré kan ni ọwọ́ náà ń bà. Ó fà wọ́n ya. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ẹnu wáyà, èèrà sì kún inú ike náà bámúbámú. Ó gbé e sí imú.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wáyà yín ń rùn bí ẹmu?”

Ògúngbèmí wolẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, ẹmu díẹ̀ ni àwọn awakọ̀ yòókù ta sílẹ̀ níwájú táyà. Òun ní ahun ni wọ́n. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì da odindi kèrègbè ẹmu lé ẹ́ńjìnnì lórí, ó ní kí Ògún mu àmuyó. Ẹmu náà ṣàn wọnú ike, ó gbẹ síbẹ̀, èèrà tẹ̀lé adùn rẹ̀ wọlé, ìpẹtà sì mú irin. Bí ọkọ̀ bá ti mì, wáyà á fi ara wọn sílẹ̀. Bó bá tún mì, wọ́n á tún pàdé.

“Àbúrò, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí Ṣọlápé gbọ́.”

Ṣọlápé ti gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Múfútáù fi bẹntiróòlù fọ ibẹ̀, ó fi sáńdípépà ha ẹnu wáyà títí tó fi ń dán, ó fún un le, ó sì fi rọ́bà wé e. Ká jẹ ẹ̀bà tán, iṣẹ́ ti parí. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ jù, Ògúngbèmí sé èémí. Ọkọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì, ó kọjá. Wúràọlá kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó sọ lábẹ́ ìbòrí rẹ̀ pé, “Bàbá mi, ẹ lè mí báyìí o.” Ẹ̀rín sọ, bàbá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ wáyà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, Wúràọlá gbé báàgì rẹ̀ wálé, ó ń sunkún. Ó ní ọkọ òun kì í jẹ oúnjẹ òun mọ́, obìnrin mìíràn ló ń bọ́ ọ níta, òun kò padà síbẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ tán, ó ní, “Wúràọlá, ká tó tú ẹ́ńjìnnì, ká fọwọ́ mi wáyà wò. Ṣé o ti bi í?” Kò tíì bi í. Ó bá bàbá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì padà. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, ó rán èrò kan sí bàbá rẹ̀ pé: “Mo ti rí wáyà náà. Eyín ló ń dùn ún, ojú ń tì í láti sọ.”

Báyìí ni òwe náà ṣe kúrò ní gáréèjì, tó wọnú ilé. Bí àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ tú ohun ńlá ká nítorí àìsàn kékeré tí kò tíì wádìí, yálà ó fẹ́ kọ aya ni, tàbí ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ó fẹ́ lé ọmọ jáde nílé, àgbà á ní ká tó tú ẹ́ńjìnnì, ká fọwọ́ mi wáyà wò. Àwọn tó sì mọ Ògúngbèmí dáadáa a máa fi kún un pé: bí o bá rí ibi tó ti bàjẹ́, kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ wò, bóyá ìwọ gan-an lo da ẹmu sí i.