Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Kánjú Dì Lẹ́rù

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ríru pákó ní ọjà pákó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ìyá náà ní egbò kan lẹ́sẹ̀ tí kò jiná, ọsibítù tí wọ́n sì ti ń bá a wẹ̀ ẹ́ wà ní òdìkejì òkè. Kò lè ya ẹsẹ̀ gun ọ̀kadà. Bí ó bá sì fẹsẹ̀ rìn lọ, egbò náà á ti tún ṣí kí ó tó padà délé.

Nítorí ẹsẹ̀ yìí ni ọkùnrin náà ṣe ra alùpùpù tuntun, irú èyí tí ó ní àyè pẹrẹsẹ níwájú tí ènìyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé, tí wọ́n ń pè ní máṣíìnì lédíìsì. Ìyá lè fi ẹ̀gbẹ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àpótí.

Mẹkáníìkì tí ó tò ó jáde láti inú páálí pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Irin inú ẹ́ńjìnnì yìí kò tíì mọ ara wọn. Ẹ máa gùn ún jẹ́jẹ́, ẹ̀yin nìkan. Bí ẹ bá ti rìn díẹ̀, ẹ dúró kí ara rẹ̀ tutù. Títí oṣù yìí yóò fi parí, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gun òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un wá kí n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, màmá á gùn ún pẹ́.”

Ọkùnrin náà délé, ó ní kí ìyá rẹ̀ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Ìyá rẹ́rìn-ín.

“Èmi tí mo ti ń wọ́ ẹsẹ̀ yìí kiri láti èṣí, ṣé èyí tó kù yìí ló máa wá pa mí?”

Ilé kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ọjà pákó ni. Ní àárọ̀ tí ó kọ́kọ́ gùn ún dé ibẹ̀, jẹ́jẹ́ ni ó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lókèèrè.

“Ẹ yà fún ìyàwó o! Ìyàwó ń bọ̀!”

“Ẹ wò ó bó ṣe rọra ń bọ̀. Àbí òun ló gbé máṣíìnì ni?”

“Máṣíìnì obìnrin mà ni. Ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ló lè gbé.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì dé orí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Láàárín àwọn tí ń ru pákó níbẹ̀, ẹni tí ó bá ra nǹkan tuntun, gbogbo wọn ni yóò lò ó wò, tí wọn yóò sì ṣàdúrà sí i. Ẹni tí ó bá fi tirẹ̀ pamọ́, wọ́n á ní ó ń fi ojú ọ̀tá wo àwọn. Ìyẹn ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ nípa òun. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Ẹ gùn ún.”

Wọ́n gùn ún. Bí ọ̀kan ti ń sọ̀ ni èkejì ń gorí rẹ̀. Wọ́n fún un níná, wọ́n ń yí ọjà po, wọ́n ń súre fún un. Lẹ́yìn náà ni olórí wọn, ọkùnrin gìrìwò kan, jókòó sẹ́yìn, ó sì gbé ìdì pákó kan lé itan rẹ̀.

“Ó yá, gbé mi gun òkè. Ká mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.”

Ó gbé e. Wọ́n gun òkè náà dé orí, ariwo ayọ̀ sì sọ ní ìsàlẹ̀. Olórí gbá a léjìká, ó ní, “Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Máṣíìnì gidi ni!” Ṣùgbọ́n òórùn nǹkan tí ń jóná wọ ọkùnrin náà nímú, dídún ẹ́ńjìnnì sì ti yàtọ̀, ó dà bí ti ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó mọ̀. Ó fi aṣọ nu ara máṣíìnì náà, ó sì pa ẹnu mọ́. Nígbà tí oṣù parí, kò gbé e lọ fún mẹkáníìkì, nítorí ó mọ̀ pé yóò bi òun ní ìbéèrè.

Ọjọ́ tí ìyá yóò gùn ún pé. Ìyá wọ aṣọ tí ó fi ń lọ ibi ìkómọ. Àwọn ará ilé jáde wá sin ín, wọ́n ní, “Ẹ ó lò ó pẹ́ o, Ìyá!” Ó ń dáhùn bí ọmọdé.

Ní àárín òkè, ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Ọkùnrin náà ṣe é títí, kò dáhùn.

“Kí ló ṣe é?” ni ìyá bi í.

“Epo ló tán, Ìyá.”

Ìyá fúnra rẹ̀ ni ó di àrọ mú ní àárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ó ń rọ epo sí i. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti máṣíìnì náà lẹ́yìn.

“Ìyá, ẹ fi sílẹ̀.”

“Ìwọ nìkan kò lè tì í. Jẹ́ ká lọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń tì í. Kò pẹ́, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára aṣọ tí wọ́n fi di egbò náà. Lọ́rì pákó kan yọ lẹ́yìn wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kún orí rẹ̀. Ọ̀kan ti la ẹnu láti kígbe, ṣùgbọ́n ó rí ìyá tí ń ti máṣíìnì, ó sì pa ẹnu dé. Olórí wọn bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó gbé ìyá sí iwájú ọkọ̀, àwọn yòókù sì gbé máṣíìnì sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ì bá tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n di ẹsẹ̀ náà tán ní ọsibítù, ìyá ní kí wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì, ó fi inú rẹ̀ han ọkùnrin náà. Ojú irin náà dà bí ibi tí ológbò ti họ.

“Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ gbé?”

Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀.

“Dá a lóhùn,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin, kò bínú. Ó kàn béèrè pé, “Nínú gbogbo àwọn tó gùn ún yẹn, èwo ni egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀?”

Mẹkáníìkì tún un ṣe. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń yọ èéfín, kò sì lè gbé ènìyàn méjì gun òkè náà mọ́ láéláé.

Ìwọ bàbá tí ọmọ rẹ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ìlú ńlá, ìwọ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kò tíì mọ ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, o ti fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ránṣẹ́ sí i kí ó máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. O fi ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ tẹ̀lé e, nínú yàrá kan ṣoṣo. Níbi ìpàdé ẹbí, o dìde, o ní kí wọ́n má bẹ̀rù, ọmọ rẹ ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ọ. Bí o bá pè é lórí fóònù, á ní, “Kò sí wàhálà, Bàbá.” O ń gbọ́ ohùn rẹ̀. O mọ̀ pé ohùn tí ó fi kúrò nílé kọ́ nìyẹn, o kò sì béèrè mọ́, nítorí o mọ ohun tí wàá gbọ́.

Lọ bá ẹbí, kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró ná. Wọn yóò pè ọ́ ní ahun. Ojú yóò tì ọ́, yóò sì kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá dákẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ ní àárín òkè, ìtìjú ti ìyẹn kì í kọjá. Ọkọ̀ ń lọ sí ìlú náà láàárọ̀ ọ̀la. Wọ̀ ọ́, kí o sì lọ kó àwọn ọmọ méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ sí i bọ̀.