Iye Tí Táyà Lè Gbà

Ajíbóyè, jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ọkùnrin kan wà tí ó ra táyà tuntun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe àlòkù tí gbogbo wa ń rà o. Èyí tí wọ́n ṣe fún òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí ó ń di ilẹ̀ mú, tí kò sì bẹ̀rù eré. Bí wọ́n ti ń yí wọn jáde ní ilé ìtajà, ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni ń pa ọmọ màlúù lára.

Ìdí tí ó fi rà wọ́n ni pé ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ọmọ náà tóbi, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Ìyá ìyàwó ló yẹ kó wá wẹ ọmọ, bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa, kí ìyá ọmọ lè rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ìbàdí ń dun ìyá náà, kò sì fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò. Ó ránṣẹ́ pé bí àna òun bá fi ọkọ̀ tó dára wá gbé òun, òun á wá. Bí kò bá wá, ọkùnrin yìí ni yóò máa wẹ ọmọ. Ó sì ti dán an wò rí. Ọmọ náà yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja àrọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin aládùúgbò kan tó wà nítòsí.

Ó wa ọkọ̀ lọ bá fọkanáísà tó ń fẹ́ táyà ní ìkóríta. Ìyẹn gbé ọ̀pá afẹ́fẹ́ rẹ̀ dání, ó bi í pé, "Ọ̀gá, mélòó ni kí n fún wọn?"

Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn níbẹ̀, bí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ gbogbo. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ní kí atẹ́gùn táyà jẹ́. Ó kà á, ó sì yínmú sí i. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ara táyà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ iye tí atẹ́gùn kò gbọdọ̀ kọjá sí: mọ́kànléláàádọ́ta.

"Fún un ní mọ́kànléláàádọ́ta," ó wí.

"Ọ̀gá, ibi tí agbára táyà parí sí nìyẹn. Ti ẹnu ilẹ̀kùn ni ọkọ̀ yín fẹ́."

"Ta ló ra táyà, èmi àbí ilẹ̀kùn? Ohun tó lè gba mọ́kànléláàádọ́ta, kí ló dé tí màá fi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tàbùkù rẹ̀?"

A kì í bá onítáyà du táyà rẹ̀. Fọkanáísà fún un. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ta ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá súre fún un, ó di ọṣẹ dúdú, òrí àti kànrìnkàn sínú ìdì kan, ó sì jókòó sí iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀.

Ọ̀nà abúlé náà kò ní ọ̀dà. Táyà tó bá sì le jù kì í rọra wọ kòtò, ńṣe ló máa ń ju èèyàn sókè. Ní kòtò kìíní, orí ìyá kan àjà ọkọ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ lè gbà á?"

"Mo lè gbà á, àna mi."

Kí ni kó wí? Ìyá ìyàwó kì í jókòó sínú ọkọ̀ àna rẹ̀ kó máa ráhùn. Wọ́n á ní kò moore. Ní kòtò tó tẹ̀ lé e, gèlè rẹ̀ fò sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà tún bi í, ìyá tún dá a lóhùn pé òun lè gbà á. Ọkàn ọkùnrin yìí wá balẹ̀ pátápátá. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé táyà lè gbà á, ìyá lè gbà á, kí ló kù? Ó bá fi kún eré.

Bí wọ́n ti bọ́ sí ọ̀nà ọlọ́dà ni òjò wẹliwẹli bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ wá wo iṣẹ́ táyà òjò." Ewúrẹ́ kan kọjá níwájú wọn, ó tẹ bíréèkì. Táyà tó le gbandi kò rí ilẹ̀ dì mú. Ọkọ̀ náà yọ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni lọ, ó dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ewúrẹ́ dúró létí títì, ó ń wò wọ́n.

"Ìyá, ṣé ẹ lè gbà á?" Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ẹ̀gẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gbé ìdì rẹ̀.

"Mo lè gbà á, àna mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbà á. O ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó tù mí lára."

Ó sọdá títì, ó dá ọlọ́kadà tó ń lọ sí abúlé rẹ̀ dúró, ó gun ọ̀kadà náà lọ. Ìyá tí ìbàdí ń dùn, tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò, ọ̀kadà ló tẹ́ ẹ lọ́rùn ju ọkọ̀ àna rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọkùnrin náà délé, ìyàwó rẹ̀ wo ìjókòó iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó sì wọlé lọ sùn.

Ọkùnrin náà wẹ ọmọ títí ara rẹ̀ fi ń rùn fún òrí. Lọ́jọ́ tí ọmọ tọ̀ sí i lójú, ó padà sọ́dọ̀ fọkanáísà, ó ní kó tú atẹ́gùn náà sílẹ̀ títí yóò fi dé iye tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Fọkanáísà kò rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin náà fi lọ tán. Láti ibẹ̀ ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ìyá kọ́kọ́ jáde síta, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ táyà wò, kó tó jẹ́ ìkíni rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, wọ́n gba inú kòtò kìíní. Ọkùnrin náà rọra béèrè pé, "Ìyá, ṣé ó tù yín lára?"

Ìyá ti sùn lọ.

Ajíbóyè, láti ìgbà tí o ti jókòó síhìn-ín lò ń wí pé àkọ́bí rẹ obìnrin kì í gbé fóònù rẹ mọ́, pé o ò mọ ohun tí o fi ṣẹ̀ ẹ́. Yàrá méjì ló ń gbé nígboro. O kó àbúrò rẹ̀ méjì lọ síbẹ̀, ó gbà wọ́n. O fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ kún un, ó gbà á. Lẹ́yìn náà, o tún rán ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wáṣẹ́ sí i. Mo bi ọ́ léèrè ìdí rẹ̀, o ní, "Àkọ́bí ni, ó lè gbà á." Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, mo kàn fi ẹ̀rín bò ó ni.

Ọmọ yẹn kò bá ọ jà. Ó ti tún gèlè rẹ̀ wé ni, ó ti sọdá títì. Má pè é mọ́. Wọ ọkọ̀ lọ, kí o kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí o bi í pé èèyàn mélòó ló tù ú lára nínú ilé rẹ̀. Iye tó bá dá, fi í sílẹ̀ fún un, kí o sì kó àwọn yòókù padà wálé.